Báwo ni kí n ṣe ya òrìṣà ogun inú ìtàn mi sọ́tọ̀ kúrò lára Ògún?
Ẹ̀yin òǹkọ̀wé àti ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn àròsọ kan ni mo ń kọ, nípa ìlú kan tó ń sin òrìṣà ogun tí mo fi ọkàn ara mi dá, tí àwọn olùsìn rẹ̀ kò sì ka ohunkóhun sí ìwà rere àfi agbára. Ìṣòro mi ni pé Ògún ni ó máa ń jọ lójú àwọn tó bá kà á. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí inú ìlú tí Ọọ̀ni ti máa ń dé Adé Ààrẹ lọ sí Òkè Mọ̀gún, ojúbọ Ògún, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́ ni mo ti dàgbà. Ṣùgbọ́n Ògún ju ogun lọ: alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti awakọ̀ ń bọ ọ́, a sì ń fi irin búra nítorí pé kò gba irọ́. Tèmi kò ní iṣẹ́ ọwọ́, kò sì bìkítà fún òtítọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, irú èèwọ̀ àti ẹbọ wo ni ẹ rò pé ó yẹ ẹ́? Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ti àwòrò rẹ̀ tó ti di arúgbó: ṣé wọn yóò lé e jáde ni, àbí yóò máa fi ọgbọ́n bo àìlera rẹ̀ mọ́lẹ̀?