Ìmọ̀ràn lórí kíláàsì ìràwọ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ mú?

ỌmọFísíìsì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀. Ìṣirò ò le fún mi, àmọ́ n kò ní tẹlisíkóòpù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Awòràwọ̀: Bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó ni kó o kọ́kọ́ mú, àbúrò. Láìmọ ìyẹn, o ò lè mọ̀ bóyá fìtílà ìtòsí lò ń wò tàbí iná ńlá tó wà lókèèrè. Na àtàǹpàkò rẹ síwájú, di ojú kan, kó o sì pààrọ̀ ojú: àtàǹpàkò á dà bíi pé ó sún. Bí ayé ṣe ń yí oòrùn po, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ ìtòsí ṣe ń sún lójú wa. Parallax nìyẹn. Fi iye arcsecond rẹ̀ (ìwọ̀n igun kékeré, ìdá 3,600 dígírì kan) pín 1, parsec ni ìdáhùn, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn tí à ń lò fún ìràwọ̀. Ti Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn jù, jẹ́ 0.768, ó wá di parsec 1.30, ìyẹn ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.24 (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan). Ẹ̀ṣọ́ o: ìdajì gbogbo ìsún oṣù mẹ́fà ni à ń lò. Ẹni tó bá lo odindi rẹ̀ á gé ọ̀nà náà sí méjì.

Ìyá Olùkọ́: Ibi tí wọ́n ti ń pàdánù máàkì jù ni magnitude, ìyẹn nọ́ńbà tí à ń fi wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lójú wa. Ẹ̀yìn ló ń rìn: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe ń mọ́lẹ̀ tó. Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run alẹ́, jẹ́ −1.46, ojú lásán kì í sábà ríran kọjá 6. Ìyàtọ̀ 5 jẹ́ ìlọ́po 100. Má fi 5 pín 100 kó o pè é ní 20 o! Ìsọdipúpọ̀ ni, nítorí náà ìyàtọ̀ 1 jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2.5.

Alẹ́Dùn: Àwọ̀ ńkọ́? Ìgbóná ìràwọ̀ ló ń sọ. Ìràwọ̀ Betelgeuse pupa, nǹkan bí 3,500 K (kelvin, ìwọ̀n ìgbóná). Rigel funfun bíi búlúù, nǹkan bí 12,000 K. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, Betelgeuse máa ń wà lókè àtàrí gan-an n'Ìbàdàn. Má wò wọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, eruku ọyẹ́ á sọ gbogbo wọn di pupa. Stellarium, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ọ̀run hàn, ọ̀fẹ́ ni, fi ìlú rẹ sí i.

ỌmọFísíìsì: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n fi Àgùàlà (Venus) sínú HR diagram, àwòrán tó ń fi ìgbóná ìràwọ̀ àti agbára ìmọ́lẹ̀ wọn hàn?

Awòràwọ̀: Rárá, Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn padà. Yan ogún ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú wa, kó o tún yan ogún tó sún mọ́ wa jù, kó o ya wọ́n sórí bébà kan náà, kí ìgbóná tó ga wà lápá òsì. Àwọn àkọ́kọ́ á kún fún òmìrán (ìràwọ̀ tó tóbi gan-an), torí wọ́n ń hàn láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ìkejì á kún fún àràrá pupa (ìràwọ̀ kékeré) tí ojú lásán ò lè rí.