Ọta .30-06 àtijọ́: èwo ló ṣeé yìn nínú M1 Garand?

Akin_Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o. Agolo ọta kan bá M1 Garand, ìbọn ológun Amẹ́ríkà àtijọ́, tí mo rà wá. Ìdí àwọn kan ní SL 43, àwọn kan LC 67. Èyí tó kù wà nínú àpò ọ̀rá, àkọlé ìdí wọn ò bára mu, kò sì sí ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Mẹ́ta ní orí dúdú. Èwo ni kí n yìn?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: SL ni ilé iṣẹ́ ọta ológun ní St. Louis, ọdún 1943. LC ni Lake City ní Missouri, 1967. Ti 67 ò ní wàhálà bí ara rẹ̀ bá mọ́. Ti 43, práímà rẹ̀ (ife kékeré ìdí ọta tó ń tan iná sí ẹtù) máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn; iyọ̀ yẹn á máa fa omi mọ́ra, pẹ̀lú ọ̀rinrin Houston yẹn, kò ní pẹ́ tí irin á fi dípẹtà. Òróró kì í tú iyọ̀, omi ló ń tú u. Ẹ da omi gbígbóná gba inú ọ̀pá, ẹ má gbàgbé gas cylinder (ibi tí èéfín ẹtù ń wọ̀ lábẹ́ ọ̀pá) àti ojú bolt (irin tó ń ti ìdí ọta pa), ẹ nù ún gbẹ, kí òróró tó kàn án. Ọta .30-06 Amẹ́ríkà tó bá ti ṣáájú 1956, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Orí dúdú ni èyí tó ń gún irin. Ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn kì í gbà á, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì ATL: Ti inú ọ̀rá, ẹ má yìn ín rárá, ì báà máa dán bíi wúrà. Ẹ ò mọ irú ẹtù tí ẹni yẹn dì sí i. Òṣùwọ̀n náà ò lè gbà yín: nǹkan bí 50 gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹtù) ni ẹtù, ìkarahun idẹ méjì lásán sì lè fi gíréènì 10 ju ara wọn lọ.

Garand tún lágídí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ń gún práímà ò ní sípíríǹgì tó dì í mú, nítorí náà bí práímà bá yọ síta díẹ̀, ọta lè yìn kí bolt tó tì dáadáa. Ẹ gbé ìdí ọta lé orí gíláàsì: bó bá ń mì, práímà ti yọ nìyẹn.

Akin_Houston: Ẹ ṣé mà. Bí wọ́n bá ti tún LC 67 náà dì ńkọ́?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ wo etí práímà. Ti ológun, wọ́n tẹ idẹ mọ́ ọn yípo, wọ́n sì fi ọ̀dà dí i. Ẹni tó fẹ́ tún un dì máa ń gé etí yẹn kúrò tàbí kó tẹ̀ ẹ́ padà kí práímà tuntun tó wọlé. Bí etí bá ti di gígé tàbí títẹ̀ padà, tàbí práímà ń dán lórí ìkarahun tó ti ṣú, ẹ jù ú sínú ti ọ̀rá.

Ìyá Ìbejì ATL: Bí ẹ bá fà á tí kò yìn, ẹ kọjú ìbọn sí ibi àfojúsùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí ẹ tó ṣí i. Bó bá dún fééré, ẹ dúró, ẹ tú u, ẹ yẹ inú ọ̀pá wò bóyá orí ọta há síbẹ̀. Èyí tí ẹ kò fẹ́, ẹ má dáná sun ún, ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn. Ẹ pe ọlọ́pàá àdúgbò, kì í ṣe 911, kí wọ́n sọ ibi tí ẹ máa gbé e lọ.