Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀rọ̀ tó ń yọ bí mo bá fi SSH wọ server

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Server Ubuntu méjì (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn ẹlòmíì) ni mò ń bójú tó, SSH ni mo sì fi ń wọ̀ wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan la fi ń dán nǹkan wò, èkejì làwọn oníbàárà ń lò. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo tẹ rm -r, àṣẹ tó ń pa fódà rẹ́, mo rò pé fódà ìdánwò ni mò ń pa rẹ́, àṣé orí ti oníbàárà ni mo wà! Ọlọ́run yọ mí, ẹ̀dà rẹ̀ wà nípamọ́, àmọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wá kọ ìkìlọ̀ sínú /etc/motd, fáìlì tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń yọ béèyàn bá wọlé. Ó yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ìkíni gígùn Ubuntu ló wà. Báwo ni mo ṣe lè gbé e sókè?

Ìdáhùn 1:
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Má gbé e sókè rárá. Ìsàlẹ̀ lojú ń wò kéèyàn tó tẹ àṣẹ. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni kó o dín kù. Inú fódà /etc/update-motd.d ló ti ń wá. Nọ́ńbà tó ṣáájú orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ èyí tó máa kọ́kọ́ yọ. Èyí tí o ò bá fẹ́, bíi 10-help-text, fi sudo chmod -x pa á lẹ́nu mọ́, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìdáhùn 2:
Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìkìlọ̀ yọ kí wọ́n tó béèrè password, ẹ kọ Banner /etc/issue.net sínú /etc/ssh/sshd_config, fáìlì ètò SSH. Ẹ fi sudo sshd -t yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tún ssh bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì ti fèrèsé tẹ́ ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí mo ṣì kọ níbẹ̀ ló tì mí mọ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ má kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí i o; olè tó kan ìlẹ̀kùn náà máa rí i.

Ìdáhùn 3:
Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni motd ń yọ. Ẹni tó wọlé láàárọ̀ tí kò jáde dalẹ́, ìkìlọ̀ yẹn ti lọ sókè tipẹ́. Prompt gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣáájú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ, ni kó o kùn. Lórí server oníbàárà nìkan, fi èyí sí ìparí ~/.bashrc, fáìlì tó ń ṣètò ibi tó o ti ń tẹ àṣẹ:

PS1='\[\e[41m\]ONIBAARA\[\e[0m\] \w\$ '

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà á pupa fòò. Bó o bá máa ń di root (ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo server), root ní .bashrc tirẹ̀, fi síbẹ̀ náà. Má fi echo sínú fáìlì yẹn, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ jáde lè ba scp, àṣẹ tá a fi ń kó fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, jẹ́.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti dín ìkíni kù, mo sì ti kun prompt, ti root náà. Gbogbo ìlà ló ń pupa báyìí, ọkàn mi balẹ̀. Banner ló kù. Mi ò ní fọwọ́ kàn án lálẹ́ yìí, ó di àárọ̀ ọ̀la.