"Aṣẹ́jú" kọ́, "awúsúnkì" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, bí a ṣe ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìràwọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé ká máa pe ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ tó tún ń dín ní "aṣẹ́jú" ṣeun, ọ̀rọ̀ náà dùn ún pè. Àmọ́ mi ò lè fara mọ́ ọn. Ìràwọ̀ wo ni kì í ṣẹ́jú? Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Mápó lálẹ́ á rí i: afẹ́fẹ́ ayé wa níbí ló ń da ìmọ́lẹ̀ wọn láàmú kó tó kan ojú wa. Èyí tí à ń sọ yìí, ara òun fúnra rẹ̀ ló ń wú, tó ń súnkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "awúsúnkì".

Ẹ wo ìràwọ̀ Delta Cephei, tí onímọ̀ ìràwọ̀ John Goodricke ṣàkíyèsí ní 1784. Nǹkan bí ọjọ́ 5 àti wákàtí 9 ló wà láàárín wíwú rẹ̀ kan àti èkejì. Gáàsì helium tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ ló ń sé ooru mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ooru á kóra jọ, á ti ara ìràwọ̀ síta. Tó bá wú tán, á tutù, ọ̀nà á là fún ooru, ara á sì fà padà.

Ẹnìkan ní "awúmọ́lẹ̀" ńkọ́? Á ṣini lọ́nà. Ìgbà tó tóbi jù kọ́ ló ń mọ́lẹ̀ jù. Ìgbà tó gbóná jù ni, nígbà tó ṣì ń wú lọ́wọ́.

"Alùkìkì" náà dára, torí ó jọ bí àyà ṣe ń lù. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ìyẹn fún irú ìràwọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní pulsar, tó jẹ́ pé yíyí ló ń yí, tí ìtànṣán rẹ̀ ń kọjá lójú wa lemọ́lemọ́.

Ó wá ku "àwòrán kọ̀ǹpútà", tí wọ́n fẹ́ ká máa pe ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàfarawé ìràwọ̀ (simulation). Kò sí àwòrán níbẹ̀ rárá. Ṣe ni onímọ̀ á pín ìràwọ̀ sí ìpele-ìpele, kọ̀ǹpútà á máa ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó àti bó ṣe ń ti èkejì, títí wọn á fi lè fi ìmọ́lẹ̀ inú ìṣirò wé èyí tí wọ́n rí lójú ọ̀run. Onímọ̀ físíìsì Robert Christy ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. "Àfarawé oníṣirò" ni tèmi.

Ẹ má sì pe iye ọjọ́ tó wà láàárín wíwú kan àti èkejì ní "ìyípo", kò yípo ohunkóhun. "Àwútúnwú" ni mo dábàá fún un. Ẹni tó bá ní èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.