Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí RAM kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ti pẹ́, RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) irú DDR3 ló ń lò, 2GB méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ihò méjì ṣì ṣófo. Tí mo bá ti ṣí Chrome mọ́ iṣẹ́ tí mò ń tẹ̀, ṣe ni iná dísìkì á máa ṣẹ́jú ṣáá, gbogbo nǹkan á sì dúró gbagidi. Windows 64-bit ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà ó lè lo RAM tó ju 4GB lọ.

Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, àlòkù ni mo fẹ́ rà. Ṣé kí n fi 4GB méjì kún èyí tó wà nílẹ̀ ni, àbí kí n yọ ti àtijọ́ kúrò? Ní ti ìyára, 1333 ni tèmi, 1600 ni èyí tí mo rí. Mo mọ̀ pé èyí tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn á tẹ̀ lé, ìyẹn ò dùn mí.

RAM ti sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ ń lò) ló ń kọ mí lóminú. Ó pọ̀ lọ́jà, ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n kọ PC3-10600R sí lára kì í bá kọ̀ǹpútà ilé ṣiṣẹ́. Èyí tó ní U dípò R níparí, ìyẹn ti kọ̀ǹpútà ilé, ni mò ń wá. Ṣé lẹ́tà yẹn nìkan tó gbẹ́kẹ̀ lé? Àbí SSD (dísìkì tó yára) gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà?