Ìwé àjálù ayé àtijọ́ tó já wa kulẹ̀: Pompeii àti Thera

Orí tó dá lé Pompeii, ìlú Róòmù àtijọ́ kan ní Ítálì, ló jáni kulẹ̀ jù nínú ìwé yìí. Òǹkọ̀wé ní òkúta yíyọ́ tó pọ́n bí ẹyin iná ló ṣàn láti òkè oníná Vesuvius wọ ìlú, tó sì jó àwọn ènìyàn pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tó kún fún ihò wínníwínní ló kọ́kọ́ rọ̀ lé Pompeii lórí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí ó fi ga ju mítà 2 lọ. Ẹyọ kan rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kóra jọ sórí òrùlé ló ń wúwo sí i, òrùlé wá wó lu àwọn tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, eérú àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ya wá láti orí òkè. Òun ló pa àwọn tó kù.

Àwòrán àwọn òkú náà kún inú ìwé, síbẹ̀ kò sọ bí wọ́n ṣe rí wọn. Eérú yí òkú ká, ó le. Ẹran ara jẹrà, ihò ṣẹ́kù pẹ̀lú egungun nínú rẹ̀. Láti 1863 ni Giuseppe Fiorelli, ẹni tó darí ìwalẹ̀ ní Pompeii, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n yìí: bí irin ìwalẹ̀ bá kan ibi tó ṣófo, wọn ò ní fẹ̀ ẹ́. Wọ́n á po POP kó ṣàn dáadáa, wọ́n á dà á sínú rẹ̀, ó dìgbà tó bá gan kí wọ́n tó gbẹ́ eérú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Bó bá ki jù, kò ní dé ìka ọwọ́. Ìṣẹ́po aṣọ gan-an hàn lára àwọn kan. Ṣé òkúta yíyọ́ lè fi irú èyí sílẹ̀?

* * *

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló dùn mí ní tèmi. Ìwé náà kọ 24 Oṣù Kẹjọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀ rí. Inú lẹ́tà Pliny Kékeré, ará Róòmù tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣojú rẹ̀, sí òpìtàn Tacitus ni ọjọ́ yẹn ti wá. Ọmọ ọdún 17 ni Pliny nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó sì lé ní ogún ọdún kó tó kọ ọ́. Àdàkọ lẹ́tà náà ló kàn wá, àwọn àdàkọ ọ̀hún kò sì fẹnu kò lórí ọjọ́. Ní 2018 wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fi èédú kọ sára ògiri ní Pompeii, ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí 17 Oṣù Kẹwàá. Èédú tètè máa ń pa rẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ọdún 79 náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún lára rẹ̀, àríyànjiyàn kò sì tíì tán. Ó yẹ kí òǹkàwé rí ẹ̀rí méjèèjì.

Wọ́n tún da Herculaneum, ìlú mìíràn lẹ́bàá Vesuvius, pọ̀ mọ́ Pompeii. Gúúsù-ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ń fẹ́ sí, nítorí náà òkúta kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí Herculaneum. Òru ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ká àwọn ará Herculaneum mọ́ etíkun. Egungun nǹkan bí 300 ènìyàn ni wọ́n ti hú jáde níbẹ̀ láti 1980 wá.

* * *

Ẹ̀yin ará, orí Thera, erékùṣù òkè oníná kan ní Gíríìsì, ló burú jù. Wọ́n ní òkè náà bú gbàmù, ọ̀làjú erékùṣù Kírétè sì pa run lóru ọjọ́ kan. Ẹ̀ka igi ólífì tí eérú Thera bò ni wọ́n yẹ̀ wò, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 sì fi ìbúgbàmù náà sáàárín 1627 sí 1600 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn tó ń fi ìkòkò ṣírò ọdún ní nǹkan bí 1500 ló bú. Nǹkan bí 1450 ni àwọn ààfin Kírétè jó. Ìṣirò yòówù tí ẹ bá gbà, ìran kan ó kéré tán wà láàárín wọn. Ní Mochlos, ní Kírétè fúnra rẹ̀, eérú Thera wà lábẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà, èyí tó fi hàn pé ayé ṣì ń lọ.

Ní Akrotiri tó wà ní Thera, wọn kò rí òkú àwọn ará ìlú lábẹ́ eérú, nítorí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ mì, wọ́n sì ti sá. Kò sí gbólóhùn kan nípa èyí nínú ìwé náà. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí orí Thera: bí ẹ kò bá rí ìṣirò méjèèjì, ẹ dá a padà sórí àtẹ.