Wọn ò fún mi ní Oúnjẹ Olúwa, àmọ́ wọ́n fún mi ní búrẹ́dì. Kí ni wọ́n kà mí sí?

Akọrin Áltò:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo dàgbà sí. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni wọ́n, ìyẹn ìjọ Kristẹni àtijọ́ ti Ìlà Oòrùn. Orin ni ìsìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí ìdúró sì ni a wà. Nígbà tó kan Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Níséà, inú mi dùn pé mo rí ohun tí mo mọ̀, mo bá gbóhùn sókè. A dé ibi tí a ti ń sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti ọ̀dọ̀ Baba wá, mo ní "àti Ọmọ" bí a ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́. Ohùn tèmi nìkan ló dún. Ọmọdé tó wà níwájú mi yíjú padà wò mí.

Nígbà tó tó àkókò Oúnjẹ Olúwa, mo tò sórí ìlà. Ó kàn mí, àlùfáà rọra bi mí bóyá Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni mí. Mo ní rárá. Wọ́n fa ife yẹn sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi, mo bá padà síbi tí mo ti dìde. Ó dùn mí. Láti ọmọ ọdún 14 ni mo ti ń jẹ oúnjẹ yẹn. Bí mo ṣe dúró tí omi ń lé sójú mi ni ìyá àgbà kan ti iwájú bọ̀, wọ́n dúró tì mí, wọ́n bu búrẹ́dì ọwọ́ wọn sí méjì, wọ́n fi ìdajì sí mi lọ́wọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Mo ròyìn ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan níbẹ̀ jẹ́ Júù, ti ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Reform, àwọn tó ṣàtúnṣe sí ìsìn àtijọ́. Ó ní àwọn náà ní Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tiwọn, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òun yàtọ̀. Ó ní wọn ò gbà pé rábì òun jẹ́ rábì rárá, síbẹ̀ tó bá ku ẹnì kan kí wọ́n pé 10 tí wọ́n á fi gbàdúrà, ilẹ̀kùn òun ni wọ́n máa ń wá kàn.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, àbí orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀? Ta ni èmi lójú ìyá tó fún mi ní búrẹ́dì yẹn?

Òǹkàwé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin wa. Èmi náà ti dúró síbi tí ẹ dúró sí yẹn. Mẹ́tọ́díìsì ni mí tẹ́lẹ̀, ọdún 11 rèé tí mo ti di Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, èmi ni mo sì máa ń ka Episteli ní ìjọ wa. Ọdún kan ààbọ̀ gbáko ni mo fi ń jẹ búrẹ́dì yẹn kí n tó fẹnu kan ife.

Búrẹ́dì náà lórúkọ. Antidoron ni àwọn Gíríìkì ń pè é, ìyẹn "dípò ẹ̀bùn". Nínú ìṣù kan náà tí àlùfáà ti gé èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ni ìyókù yẹn ti wá. Wọ́n súre sí i, àmọ́ kì í ṣe ara Olúwa, ìdí nìyẹn tí ìyá yẹn fi lè bù ú fún yín láìbi ẹnikẹ́ni. Ife ló yàtọ̀. Ní tiwa, ẹni tó bá mu ún ti sọ pé ìgbàgbọ́ òun àti ti bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n dárúkọ nínú àdúrà ọjọ́ yẹn jẹ́ ọ̀kan. Àlùfáà ò lè sọ ìyẹn dípò yín nígbà tí ẹ̀yin gan-an ò tíì sọ ọ́.

"Àti Ọmọ" tí ẹ nìkan dá sọ yẹn wà lára ohun tó ń ya wá. Kò sí nínú èyí tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kọ ní Kọnsitantinópù lọ́dún 381. Ìjọ Ìwọ̀ Oòrùn, ti ìhà Róòmù, ló fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ohun tó máa ń wú mi lórí ni pé nígbà tí Leo Kẹta jẹ́ póòpù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹsàn-án, ó ní kí wọ́n fín ìjẹ́wọ́ náà sára fàdákà ní èdè Gíríìkì àti Látìn láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì gbé e síta ní Róòmù kí gbogbo ayé lè rí i. Ọdún 1014 ni Róòmù fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórin mọ́ ọn. Ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní July 16, 1054, Kádínà Humbert, aṣojú Róòmù, wọ Hagia Sophia, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kọnsitantinópù, ó gbé ìwé ìyọlẹ́gbẹ́ lé orí pẹpẹ, ó sì jáde. Àmọ́ tí ẹ bá bi àwọn àgbà Gíríìkì, wọn ò ní mẹ́nu ba 1054 kí wọ́n tó mẹ́nu ba 1204, nígbà tí àwọn jagunjagun Kátólíìkì kó Kọnsitantinópù lẹ́rù tí wọ́n sì ba pẹpẹ jẹ́. Ìyẹn ló wọ eegun.

Póòpù Paul Kẹfà àti Athenagoras, pátíríákì (olórí ìjọ) Kọnsitantinópù, fagi lé ìyọlẹ́gbẹ́ ìhà méjèèjì ní December 7, 1965. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ẹ̀. Síbẹ̀ a ò tíì jọ mu nínú ife kan.

Bí a ṣe ń gba ẹni tó ń bọ̀ látìta wọlé náà ò dọ́gba láàárín wa. Òróró mímọ́ ni wọ́n fi yàn mí, wọ́n ní ìrìbọmi tí mo ṣe ní Mẹ́tọ́díìsì ti tó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti inú ìjọ kan náà wá, tó ń gbé orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n rì í bọ inú omi bíi pé wọn ò ṣe é rí. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni wá méjèèjì, ife kan náà la sì ń mu. Ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Kírétè lọ́dún 2016, orí bí wọ́n ṣe máa dárúkọ yín gan-an ni àríyànjiyàn ti gbóná: ṣé "ìjọ" ni Kátólíìkì àti Áńgílíkà, àbí kí la máa pè yín? Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé àwọn gba "orúkọ tí ìtàn fún" àwọn ìjọ yòókù. Áńtíókù, Bọ̀lìgéríà, Jọ́jíà àti Rọ́ṣíà ò tilẹ̀ wá.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni ife ń kọjá lórí. Àwọn Kọ́pútíìkì ti Íjíbítì, àwọn ará Etiópíà àti Àméníà ń jẹ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì bíi tiwa, àmọ́ láti ìgbà ìpàdé Kálísédónì lọ́dún 451, tó dá lórí irú ẹni tí Kristi jẹ́, la ti pínyà. Àwọn onímọ̀ ìhà méjèèjì jókòó, wọ́n sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1989 àti 1990 pé ìgbàgbọ́ kan náà nípa Kristi ni a ní. Ife ṣì yàtọ̀. Lọ́dún 2018 ẹ̀wẹ̀, ìjọ Mọsíkò já okùn tó so ó pọ̀ mọ́ ìjọ Kọnsitantinópù nítorí ọ̀rọ̀ ìjọ Yukréènì. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Alábòójútó Àgbà:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àwọn Júù. Ọdún 6 ni mo fi tọ́jú bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì títí wọ́n fi kú. Wọ́n kọ́ni ní Támọ́dì, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́, nígbà tí ara wọn ṣì le.

Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ṣègbéyàwó, rábì Reform ló so wọ́n pọ̀. Èmi ni mo gbé bàbá lọ. A dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n má tíì gbé kẹ̀kẹ́ arọ sílẹ̀. Inú ọkọ̀ la jókòó sí fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ìwé Sáàmù wà lórí itan wọn, wọn ò ṣí i. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìlù báyìí, wọ́n ní, "Ó yá, tì mí wọlé." Wọ́n gbá ọmọ yẹn mọ́ra, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu orúnkún sí ìlù títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní rábì yẹn ò so ẹnikẹ́ni pọ̀, àmọ́ ọmọ àwọn ni ọmọ àwọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀gàn ni. Àwọn ni wọ́n ṣàlàyé nǹkan tó yí mi lérò padà. Ní òfin wọn, obìnrin tí ọkọ ò bá fún ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tó yẹ ṣì jẹ́ ìyàwó onítọ̀hún. Tó bá wá bímọ fún ọkùnrin mìíràn, ọmọ yẹn ni Diutarónómì pè ní ọmọ àlè, tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìjọ Olúwa títí dé ìran kẹwàá. Àwọn oní-Reform ti ń kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù láìsí ìwé yẹn. Ọmọ mélòó ni ì bá ti bọ́ sínú ẹ̀? Rábì Moshe Feinstein ti New York, tó kú lọ́dún 1986, ló wá dájọ́ pé tí kò bá sí ẹlẹ́rìí tí òfin gbà níbi ìgbéyàwó Reform, kò sí ìdè níbẹ̀ látilẹ̀ wá. Bí kò bá sì sí ìdè, kò sí àgbèrè, kò sí ọmọ àlè. Ṣé ẹ rí i? Àìka ìgbéyàwó yẹn sí ni wọ́n fi gba àwọn ọmọ là. Bàbá máa ń sọ ọ̀rọ̀ Támọ́dì kan: Ísírẹ́lì, bó tilẹ̀ dẹ́ṣẹ̀, Ísírẹ́lì náà ni.

Èyí ni mo rí pé ó yàtọ̀ sí ti Òǹkàwé. Àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì lè bá póòpù jókòó, kí wọ́n dì mọ́ra, kí wọ́n pè é ní bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, síbẹ̀ wọn ò ní fún mẹ́ńbà rẹ̀ ní ife. Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ò ní ka ẹgbẹ́ Reform sí, ó lè má wọ sínágọ́gù wọn láti gbàdúrà, àmọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù, tiwọn ni, ì báà jẹ́ pé kò gbàdúrà rí láyé ẹ̀.

Orúkọ yẹn pàápàá ò pẹ́ lára wọn. Ìgbà tí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, tí wọ́n ṣí tẹ́ńpìlì Hamburg lọ́dún 1818, ni wọ́n tó nílò orúkọ fún àwọn tí kò yí padà. Àwọn náà ò sì fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọ́n ṣe máa bá àwọn yòókù gbé. Nígbà tí òfin Prussia gbà wọ́n láyè lọ́dún 1876 láti kúrò nínú àwùjọ tí Reform ń darí, Rábì Hirsch ti Frankfurt ní dandan ni kí wọ́n jáde. Rábì Bamberger ti Würzburg ní kò pọn dandan. Lọ́dún 1956, àwọn ọ̀gá yeshiva (ilé ẹ̀kọ́ Támọ́dì) 11 ní Amẹ́ríkà fòfin de jíjókòó nínú ìgbìmọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn rábì Reform àti ti Conservative, ẹ̀ka Júù mìíràn, àmọ́ Rábì Soloveitchik, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí ọ̀pọ̀ ń wárí fún, ò fọwọ́ sí i.

Ẹ bá mi bi ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nípa ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le.

Ọmọ Ìyá Àdúrà:

Ẹ má bínú sí mi o. Jòhánù 17 ní kí gbogbo wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Gbogbo ògiri yìí, ta ló ní kí wọ́n mọ ọ́n? Ẹni tó ń sunkún níwájú ife, ẹ fún un mu!

Òǹkàwé:

Àdúrà Jòhánù 17 yẹn ni mo máa ń gbà láràárọ̀, mi ò sì rò pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣàṣìṣe láti máa bínú. Ẹ lọ wo ibojì Olúwa ní Jerúsálẹ́mù: ìjọ mẹ́fà ló pín ilé náà, Mùsùlùmí ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún tí irin ni wọ́n fi gbé ilé kékeré tó bo ibojì yẹn ró kí ó má bàa wó, torí wọn ò lè fohùn ṣọ̀kan lórí àtúnṣe. Lọ́dún 2016 ni Gíríìkì, Kátólíìkì àti Àméníà wá jọ gbà, iṣẹ́ sì parí ní 2017. Mo gbà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí fún ife. Àmọ́ tí mo bá fún yín mu lónìí bíi pé kò sí ohun tó yà wá, irọ́ ni mo pa fún yín lójú pẹpẹ.

Akọrin Áltò:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Alábòójútó, mo bi í. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù. Ìyàwó rẹ̀ ló yí padà sí ẹ̀sìn Júù, lọ́wọ́ rábì Reform. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ọmọ òun ọkùnrin máa pé ọdún 13 lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbà tí wọ́n máa ń ka ọmọkùnrin mọ́ àwọn 10, ó ti lè ka Tórà, ìwé Mósè, dáadáa ju òun lọ. Àmọ́ àwọn tó ń wá kan ilẹ̀kùn yẹn, tí òun ò bá sí nílé, nígbà yẹn pàápàá wọn ò ní mú ọmọ náà dípò òun, torí lójú wọn ìyá rẹ̀ kì í ṣe Júù.

Òǹkàwé, mo fẹ́ padà lọ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Tí a bá dé ibi "àti Ọmọ", mo máa mí síbẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ tí mo bá padà sí ìjọ wa, torí bí àwọn òbí mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n tún tò sórí ìlà?

Òǹkàwé:

Ẹ jẹ́ kí ìlà ife kọjá. Lẹ́yìn tí ìsìn bá parí, àlùfáà á mú àgbélébùú jáde, gbogbo wa la máa ń tò láti fẹnu kò ó, àlejò àti onílé. Ẹ tò nígbà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni agbọ̀n búrẹ́dì máa ń wà, ẹ máa mú tiyín fúnra yín.